Àáró Ẹ̀yìn Àpáta

Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọra ni nígbà tí ẹ̀rọ ajọwọ́ Àwẹ̀ró gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó ń lọ.

Kò sí ẹni tó rán an. Ìlà àáró nà láti etí ọ̀nà dé ìdí igi kajú, èèyàn kan, ajọwọ́ kan, èèyàn kan, ajọwọ́ kan, bí wọ́n ṣe máa ń tò ní ìbùdó Àtúntẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà ṣíwájú ẹni tó ni ọwọ́ rẹ̀. Oko Ìyá Ẹgbẹ́ ló kàn lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn nàró, wọ́n ń wo èyí tó ń lọ. Àwọn ẹ̀rọ yòókù kò wo ibì kankan, wọ́n ń kọ ebè wọn lọ ní tiwọn.

"Yọmí," ni Ìyá Ẹgbẹ́ pè, kò tilẹ̀ gbé orí sókè. "Ìyá ẹ tún ti ń lọ o."

"Kì í ṣe màámi, mà," ni Oríyọmí wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyá ẹ. Ṣebí èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe ń fa ẹsẹ̀ òsì yẹn, kí o wá sọ fún mi pé ta ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé ẹ̀rín náà mì. Òótọ́ ni. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ajọwọ́ náà, àwọ̀ eérú, kò lórí, kò lójú, ọwọ́ méjèèjì nìkan ló dàbí ti èèyàn. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n gbé e dé, Àwẹ̀ró ló de ẹ̀gbà rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, tó ń bá a kọ ebè láti àárọ̀ dalẹ́ títí ẹ̀rọ náà fi kọ́ ìṣe ọwọ́ rẹ̀ pátápátá. Bí ó bá kọ ebè kan tán, á fi ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. Lẹ́yìn náà á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ kan náà sókè, á fi nu òógùn ní ibi tí iwájú orí ì bá wà.

Ìgbà ọyẹ́ ni Àwẹ̀ró kú. Títí di òní, Oríyọmí kò tíì jẹ́ kí wọ́n fọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ.

Ìyá Ẹgbẹ́ wá nàró wàyí, ó fi ọkọ́ ṣe ọ̀pá. "Ṣé o gbọ́ nǹkan kan láti ìhà ẹnu omi láàárọ̀ yìí?"

"Rárá, mà."

"Èmi náà kò gbọ́ nǹkan kan. Àjọ Ìbùdó ti ti omi pa. Afọwọ́ tí wọ́n ń rán wá fọ ọwọ́ òkú ń bọ̀ lónìí, bí wọ́n ṣe máa ń kí èèyàn kú àbọ̀ kí wọ́n tó dé nìyẹn. Ọmọ mi, òjò àkọ́rọ̀ ti tàn wá jẹ. Ata gbogbo wa, tòmátì gbogbo wa, inú abà ìfúnrúgbìn ló wà, ọrùn wọn ti ń yẹ̀. Ọwọ́ òkú kan ṣoṣo ní ìbùdó, gbogbo ìbùdó ni kò ní mumi. Bí ọ̀gbìn bá sì kú, wọ́n á ní a ò mọ oko dá, wọ́n á tún dà wá sínú ọkọ̀. Èmi kò tún lè wọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Mo ti dàgbà jù láti tún di àlejò."

Oríyọmí ń wo ẹ̀yìn ajọwọ́ náà bó ṣe ń yí àpáta po.

"Jẹ́ n bá ọ lọ," ni Bàbá Akíntìmẹ́hìn wí. Apẹja àtijọ́ ni bàbá náà. Nínú gbogbo ará àdúgbò kan náà pẹ̀lú Àwẹ̀ró ní Etí-Ọ̀sà, òun nìkan ló kù. "Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ mọ ibi tó ń lọ. Ẹsẹ̀ mi ni kò jẹ́."

"Ẹsẹ̀ àbí ẹ̀rù?" ni Ìyá Ẹgbẹ́ bi í.

"Àwọn méjèèjì. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé."

*

Kò sẹ́ni tó ní ìpín ní ẹ̀yìn àpáta. Àjọ Ìbùdó ti ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò nípọn. Àwọn ọmọdé kì í ṣeré débẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ajọwọ́ náà ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n yọ sí ibẹ̀, Oríyọmí dúró lójijì. Gbogbo ẹ̀yìn àpáta ni wọ́n ti kọ. Kì í sì í ṣe ebè òkè, èyí tó ga tó sì rí roboto bí Àjọ ṣe kọ́ wọn. Ebè pẹrẹsẹ ni, gbọọrọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, gbogbo wọn kọ orí sí ìhà gúúsù.

"Bàbá, ṣé ibojì ni?"

"Ibojì kọ́." Bàbá ti ṣí fìlà. "Oko wa nìyẹn. Orí iyanrìn la ti ń dáko nílé. Bí o bá kọ ebè tó ga, atẹ́gùn òkun á gbé e lọ kí o tó padà délé. Bá a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ó máa ń dùbúlẹ̀, á kọ orí sómi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín àwọn ebè náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹnu ọ̀nà nínú òkùnkùn. "Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí? Láti ọjọ́ tí a ti dé òkè yìí, n kò rí i kí ìyá ẹ kọ irú ebè yìí rí."

Ajọwọ́ náà wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún. Ó ń gbẹ́, ó ń fà, ó ń gbá a pẹ́pẹ́. Kò fi tiwọn ṣe.

Bàbá dúró. "Ilé Jégédé nìyí," ni ó wí. Ó nawọ́ sí ìsọ̀rí ebè kan, ó tún nawọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. "Ilé Ìyá Ọlọ́gì. Ilé àwọn Mésọgbórìwọ̀n, àwọn ni wọ́n pọ̀ jù, wo bí tiwọn ṣe gùn. Àlàfo yìí ni ibi tí a máa ń sá àwọ̀n sí. Yọmí! Àdúgbò Ìsàlẹ̀-Àwọ̀n nìyí bó ṣe wà!"

Oríyọmí ti gbọ́ àwọn orúkọ yẹn rí. Tí ìyá rẹ̀ bá ń kọ ebè, ó máa ń kùn wọ́n lábẹ́ èémí, ilé Jégédé, ilé Ìyá Ọlọ́gì, títí ọjọ́ fi máa rọ̀. Orin ni Oríyọmí rò pé ó jẹ́. Ó tilẹ̀ ti kọ ọ́ fún ọmọ aládùúgbò kan láti fi rẹ̀ ẹ́ sùn.

"Kí ni wọ́n ṣe fún màámi, Bàbá?"

Bàbá jókòó sórí òkúta kékeré kan kó tó dáhùn.

"Àáró ni. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí òkun ya bo wa, oko ìyá ẹ ló kàn. Gbogbo ilé ló jáde lọ bá a kọ ebè gbágùúdá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló yẹ kí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í san án, láti ilé dé ilé. Ni ibà bá gbé ọ lóru. Ìwọ kéré nígbà náà, ẹ̀yìn rẹ̀ lo wà. Ó gbé ọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lókè ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní tí òun bá dé, ilé Jégédé lòun á ti bẹ̀rẹ̀." Ó fi fìlà nu ojú. "Omi ló ṣáájú rẹ̀ dé ilé Jégédé."

"Ó wá gbé e sọ́rùn títí ó fi kú."

"Níbo ni ì bá gbé e sí? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gba àáró, ọwọ́ ni wọ́n fi ń san án. Ìpín tirẹ̀ nìkan ni Àjọ fún un, kò ní ilẹ̀ tó lè ti san án. Mo rò pé ojú tì í láti béèrè. Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kò mọ ìtìjú."

Ajọwọ́ náà dìde, ó sún síwájú, ó sì la ọkọ́ mọ́ ilẹ̀ tuntun lẹ́yìn ilé àwọn Mésọgbórìwọ̀n. Bàbá Akíntìmẹ́hìn dìde pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

"Ilé mi ló kàn," ni ó wí. "Ilé mi ló gbẹ̀yìn. Ọmọ́wùnmí ìyàwó mi àti àwọn ọmọkùnrin mi lọ sí oko ìyá ẹ lọ́jọ́ náà. Èmi wà lójú òkun. Ẹni tó wà lórí omi ni omi dá sí, ṣé o rí i?"

*

Kẹ̀kẹ́ Afọwọ́ ń fi agbára oòrùn rìn, kò ní ariwo, nítorí náà, ìkíni ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọ́n yíjú wò. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló wà níbẹ̀, aṣọ Àjọ ló wọ̀, ó gbé ìfọwọ́ sí abíyá, ohun roboto kan bí igbá tó ní ìdérí. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Bàbá.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Lánípẹ̀kun lorúkọ mi. Arábìnrin Oríyọmí ńkọ́?"

"Èmi nìyí, sà."

"Ẹ̀rọ yìí kò ní alààyè lọ́rùn ọwọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kó parí èyí tó wà níwájú rẹ̀."

"Kí ló ń ṣe?"

Bàbá ló gbà á sọ. "Ó ń san àáró."

"Fún ta ni, Bàbá?"

"Fún àwọn ará wa."

Lánípẹ̀kun wo ilẹ̀ gbalasa, ó wo àpáta, ó tún wo bàbá arúgbó náà. "Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọn ò tíì dé."

Ọ̀dọ́kùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìfọwọ́ sílẹ̀, ó lóṣòó tì í. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn Àjọ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti dé ìbùdó kan rí, tí wọn ò fọ ọwọ́ òkú wọn. Oko wọn dára ju tiyín lọ. Iṣu ta, àgbàdo yọmọ, ajọwọ́ kún inú oko, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Mo pàgọ̀, mo pàgọ̀, n kò rí ẹni dá mi lóhùn. Inú ilé ni mo ti bá wọn. Wọ́n fa àga sí ojú fèrèsé, wọ́n ń wo ọwọ́ àwọn ìyá wọn. Wọn ò jẹun mọ́. Èyí tí mo fọwọ́ kàn nínú wọn, ó ní kí n má dí òun lójú." Ó mi orí. "Látìgbà yẹn ni òfin ti le."

"Díẹ̀ ló kù," ni Oríyọmí wí.

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé díẹ̀ ló kù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin, àmọ́ ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ omi wà. Mi ò gbọdọ̀ ṣí i, kí n sì fi ọwọ́ òkú sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìfọwọ́ yìí náà ń ṣọ́ èmi fún Àjọ."

Oríyọmí yíjú sí ìhà ìbùdó. Lójoojúmọ́, ariwo omi nínú páìpù ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ayé ń lọ. Kò gbọ́ ọ. Ohùn obìnrin kan ló gbọ́, tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má da omi ìfọṣọ nù, kó lọ wọ́n ọn sí ìdí ata.

Ó rìn lọ sọ́dọ̀ ajọwọ́ náà, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rọ náà dúró. Lẹ́yìn náà ó yí ọwọ́ padà, ó fi ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́ gbá ọwọ́ ọmọ náà pẹ́pẹ́, bó ṣe ń gbá ebè tí ó ti kọ tán.

"Ẹ ṣe é kíá," ni Oríyọmí wí fún Lánípẹ̀kun. Ó yí ojú sẹ́yìn.

Kò pẹ́ rárá. Ìfọwọ́ kùn bí eṣinṣin nínú igò, ìmọ́lẹ̀ kan yọ lábẹ́ ìdérí rẹ̀, ó kú. Nígbà tí ajọwọ́ náà tún gbé ọkọ́, ebè gíga roboto ló kọ, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gbadọ́gba, ó dúró de àṣẹ. Kò nu iwájú orí.

Lánípẹ̀kun kí wọn, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà fún Oríyọmí, ó dà á ṣíwájú, ó lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnu omi wúkọ́ lókèèrè, ohùn Ìyá Ẹgbẹ́ sì gba orí àpáta kọjá: "Omi ti dé o! Ẹ sáré gbé garawa!"

*

Èyí tó kù ní iwájú wọn kò gùn ju apá lọ: ebè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí, fún ilé Akíntìmẹ́hìn.

"Ibo ló yẹ kó dé, Bàbá?"

"N kò mọ̀. Ìyá ẹ ló mọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n kọ fún un. Mo ti sọ fún ọ pé ojú omi ni mo wà."

"Tí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí ńkọ́?"

"Ìyá ẹ á jẹ gbèsè àáró lọ sọ́run."

"Tí mo bá wá kọ ọ́ kọjá ìwọ̀n?"

Bàbá ń yí fìlà po lọ́wọ́. "Àáró kì í ṣe ọjà, kò ní èènì. Bí o bá kọ ọ́ kọjá, àwọn ni wọ́n á jẹ ọ́ ní àáró. Yọmí, àwọn ará Ìsàlẹ̀-Àwọ̀n kì í jẹ àáró kí wọ́n sùn. Bó o bá kọ tìrẹ lónìí, wọ́n á ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ kí àkùkọ tó kọ. Ọmọ́wùnmí ló máa ń ṣáájú wọn."

"Èwo wá ni kí n ṣe?"

"Ọwọ́ ta ni ọkọ́ wà?"

Oríyọmí wojú rẹ̀, ó sì rí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, ohun tí kò yẹ kí ọmọdé rí lójú àgbà. Bàbá náà mọ̀ pé ó rí i. Ó yí ojú sí àpáta.

Ọmọ náà dúró, ó ń rò ó. Kí ìyá òun jẹ òkú láàáró, àbí kí àwọn òkú jẹ òun? Ìyá rẹ̀ ti gbé tirẹ̀ tó. Láti orí ibà òun ló ti gbé e. Òun ṣì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, òun ṣì lè dúró gba ohun tó bá dé.

Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ó bẹ̀rẹ̀.

Kò kọ ebè ilé rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tètè mọ̀ ọ́n. Ó ń fa ilẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń gbá a. Oòrùn gun àtàrí. Nígbà tó yá, nǹkan kan wí fún apá rẹ̀ pé ó ti tó. Kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ tàbí àárẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àárẹ̀ ńkọ́? Ó kọ ọ̀kan sí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Ó tó, ọmọ mi," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Oríyọmí kọ ọ́ parí kó tó nàró.

*

Kùrukùru bo gbogbo Àtúntẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èyí tó nípọn débi pé èèyàn kò rí òrùlé aládùúgbò. Ìró ọkọ́ ló jí Oríyọmí. Ó kọ́kọ́ rò pé àáró ti bẹ̀rẹ̀ lápá ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ilé tí wọ́n bá ti gba ọwọ́ ajọwọ́ rẹ̀ kì í wọ ìlà àáró mọ́ títí wọ́n á fi fún un ní òmíràn, àti pé ìpín tirẹ̀ nìkan ló wà ní ìhà ibi tí ìró náà ti ń wá.

Ó bá Bàbá Akíntìmẹ́hìn létí oko. Bàbá ti fárùngbọ̀n. Dàńṣíkí tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn ló wọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Rọra máa sọ̀rọ̀."

Ọkọ́ pọ̀ nínú kùrukùru náà. Wọ́n ń dún káàkiri, tòsí àti jíjìn, bí wọ́n ṣe máa ń dún nígbà tí gbogbo àdúgbò bá jáde. Kò sí ohùn èèyàn. Òórùn iyọ̀ ń fẹ́ wá láti inú rẹ̀, àti ti àwọ̀n tí wọn ò tíì sá gbẹ. Ní ibi tí ojú mọ, níwájú ẹsẹ̀ Oríyọmí gan-an, orí ebè kan yọ jáde, pẹrẹsẹ, ó tutù, ó kọjú sí gúúsù. Alẹ́ àná, igbó ló wà níbẹ̀.

"Ṣé o ń gbọ́ èyí tó ń sáré yẹn?" ni Bàbá wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ́wùnmí nìyẹn. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra ṣiṣẹ́. Mo bá a wí, mo bá a wí."

"Kí ni kí n ṣe, Bàbá?"

"Ta ló ni oko?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń gbé oúnjẹ fún aláàáró?"

Oríyọmí ní, "Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Ohun tí gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ ń jẹ ni. Lọ gbé ìkòkò kaná. Èyí tó tóbi."

Ìyá Ẹgbẹ́ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ nígbà tí Oríyọmí ń sáré kọjá. Ìkòkò ńlá ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan, kò sì wo ìhà oko. "Gba eléyìí," ni ó wí. "Tìrẹ kéré." Ó wọlé padà, ó ti ilẹ̀kùn.

Oríyọmí dáná. Iyán ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ó sì pa èrò náà tì, nítorí àwọn wọ̀nyẹn kò tíì gbé òkè rí. Pupuru, òkèlè gbágùúdá tí wọ́n ń jẹ létí òkun, ló rò. Ó se ọbẹ̀, gbogbo ẹja gbígbẹ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó kó sí i. Ó rù ú dé etí oko, ó tẹ́ ẹní, ó to àwo. Nígbà tí àwo tirẹ̀ tán, ó já ewé kókò lẹ́bàá ọ̀nà láti fi kún un. Títí ó fi tò ó tán, ọkọ́ kò sinmi.

Bàbá Akíntìmẹ́hìn ti jókòó sí igun ẹní kan. Ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Ó kù kí ẹnì kan pè wọ́n, ẹni tó ni oko ló sì ń pe aláàáró. Láti kékeré, Oríyọmí kò gbé ohùn sókè rí. Ó kọjú sí inú kùrukùru náà.

"Ẹ wá jẹun o!"

Gbogbo ọkọ́ inú kùrukùru náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ wọn, wọ́n ń gbọn iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀.